Ẹ̀yìn tó ń dunni kọjá oṣù mẹ́ta: ẹ̀yin oníṣẹ́ ìlera Èkó, ẹ wá da ọgbọ́n pọ̀

Akẹ́kọ̀ọ́_Físíò:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Ẹ jẹ́ ká fi irú aláìsàn kan tó pọ̀ l'Ékòó ṣe àpẹẹrẹ. Obìnrin ni, ọmọ ọdún 48. Aṣọ ló ń tà ní Balógun, Ìyànà-Ìpájà ló ń gbé. Ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ti ń dùn ún fún oṣù 8 báyìí. X-ray ní dísìkì àárín eegun ẹ̀yìn ti ń fẹ́lẹ́. Wọ́n fi ohun gbígbóná lé e, wọ́n fọwọ́ ra á, wọ́n lo ẹ̀rọ TENS, èyí tó ń fi iná mànàmáná díẹ̀ ta ara jí kí ìrora lè rọlẹ̀. Bó bá dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, ara á tù ú. Kó tó dé Ọ̀shòdì, ìrora ti padà dé. Ó di ọ̀sẹ̀ 6 báyìí. Kí ló máa ń bọ́ lọ́wọ́ wa nínú irú ọ̀rọ̀ yìí?

Àgbà_Físíò:
Ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń tọ́jú láti ọ̀sẹ̀ 6. Wọn ò tíì bá ẹni tó ni ẹ̀yìn sọ̀rọ̀.

Ẹran ara àti iṣan tó fara pa sábà máa ń jinná láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí 12. Oṣù 8 ti kọjá ìyẹn dáadáa. Bí ìrora bá ti lé ní oṣù 3, ohun tó dá a sílẹ̀ lè ti lọ, kí nǹkan mìíràn sì máa dá a dúró. IASP, ẹgbẹ́ àgbáyé tó ń ṣèwádìí ìrora, tún ìtumọ̀ ìrora ṣe ní 2020. Wọ́n ní ohun tí ara ń mọ̀, tí ọkàn náà sì ń mọ̀, ni. Ó lè tẹ̀ lé ọgbẹ́, ó sì lè jọ ti ọgbẹ́ láìsí ọgbẹ́ níbẹ̀. Wọ́n fi kún un pé ká bọ̀wọ̀ fún ohun tí aláìsàn bá sọ nípa ìrora ara rẹ̀.

Àwọn baba wa ní ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Bí iṣan tó ń gbé ìròyìn lọ sí ọpọlọ ṣe ń ṣe nìyẹn lẹ́yìn oṣù 8. Ejò ti lọ, ṣùgbọ́n ó ń sá fún ekòló: kó bẹ̀rẹ̀ gbé páálí, kó jókòó pẹ́ nínú danfó, ariwo ìrora á sọ. Àìsùn, gbèsè àjọ, ìjà ilé, ẹ̀rù pé òun máa rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀, gbogbo wọn ló ń fi kún ariwo yẹn. Irọ́ kọ́ ló ń pa o. Ìrora gidi ni, bí tẹni tó fi ẹsẹ̀ gún ìṣó.

Nọ́ọ̀sì_Ìsàlẹ̀Èkó:
Ẹ dúró ná, ọ̀gá. Kí ẹ tó máa sọ ti ekòló, ẹ kọ́kọ́ wò ó dájú pé ejò kò sí nínú ilé.

Ṣé ó ń tọ̀ bó ṣe yẹ? Ṣé ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ ń yọ láìmọ̀? Ṣé ojú ara àti agbègbè ihò ìdí ti kú, bí ètè ẹni tí dókítà eyín gún lábẹ́rẹ́? Ṣé ẹsẹ̀ méjèèjì ń rọ? Bí ọ̀kan nínú wọn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ẹ̀ka pàjáwìrì lọ́jọ́ náà gan-an, kì í ṣe lọ́la, kì í ṣe lẹ́yìn ọjà.

Ibà tí kò lọ, òógùn òru, ara tó ń jò láìgbààwẹ̀: ikọ́ ife, TB yẹn, máa ń wọ eegun ẹ̀yìn, kí onítọ̀hún má tilẹ̀ wúkọ́ rárá. Òògùn rẹ̀ kì í gba owó nílé ìwòsàn ìjọba. Ọkùnrin tó ti lé ní 50, tí ẹ̀yìn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dùn, tí kò sì rọlẹ̀ bó bá dùbúlẹ̀ lóru, ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ prostate rẹ̀ wò, ẹ̀yà ara ọkùnrin tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀. Ẹni tó ti ní jẹjẹrẹ rí, ẹni tó ti ń lo òògùn steroid pẹ́, ẹni tó já bọ́ lórí ọ̀kadà: dókítà ló kàn.

Èyí táwọn èèyàn máa ń gbàgbé jù ni ti àwọn ọmọ wa tó ní fòníkú-fọ̀ladìde. Bí SS bá ń tiro, tí ìrora sì wà ní ọgangan ibi tí itan ti pàdé ikùn, ẹ má kàn máa fọwọ́ ra á. Orí eegun itan lè máa kú nítorí ẹ̀jẹ̀ kò dé ibẹ̀ mọ́. X-ray ìbàdí ni, bí kò bá sì fi nǹkan kan hàn tí ìrora ò lọ, MRI, àwòrán tó ń fi ohun tí X-ray ò rí hàn.

Bí gbogbo èyí bá ti mọ́, ẹ máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ.

Àgbà_Físíò:
Ẹ ṣeun, Nọ́ọ̀sì. Ká sì tún béèrè wọn lẹ́ẹ̀kan sí i ní gbogbo ìgbà tó bá wá, kì í ṣe ọjọ́ àkọ́kọ́ nìkan.

Ahọ́n_Dùn:
Ẹ jẹ́ ká sọ ti ẹnu àwa oníṣẹ́ ìlera fúnra wa.

"Eegun ẹ̀yìn yín ti ń jẹ." Ẹni tó bá gbọ́ ìyẹn á máa wo ara rẹ̀ bí òpó tí ikán wọ̀. Ta ló máa fi òpó tí ikán wọ̀ gbé ẹrù? "Epo orúnkún yín ti gbẹ." Orúnkún kì í ṣe mọ́tò, omi ló wà nínú oríkèé, rírìn ló sì ń jẹ́ kí omi náà kárí ibẹ̀. Aláìsàn tó gbọ́ pé epo ti gbẹ á jókòó sójú kan kó má bàa gbẹ tán. "Dísìkì ti yọ." Á rò pé nǹkan ti jábọ́ nínú òun bíi bọ́tìnnì.

Ní 2015, wọ́n kó ìwádìí púpọ̀ jọ lórí àwòrán ẹ̀yìn àwọn tí nǹkan kan kò dùn rárá. Lára àwọn ẹni ọdún 50, nǹkan bí 80 nínú 100 ni dísìkì wọn ti gbó, bíi 60 nínú 100 ni tiwọn ti wú síta díẹ̀. Ara wọn le, wọ́n ń ṣiṣẹ́ wọn. Ẹ fi wé ewú orí: ewú inú ni. Ẹ sọ ọ́ fún ìyá ọlọ́jà yẹn báyìí: "Mà, ohun tó wà nínú àwòrán yìí wà lára ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ yín tí ẹ̀yìn ò dùn. Ẹ̀yìn yín lágbára. Ó kàn ń ṣọ́ yín jù ni. A máa kọ́ ọ kó fara balẹ̀."

Àti jẹ̀díjẹ̀dí. Bó bá ní jẹ̀díjẹ̀dí ló wọ òun lẹ́yìn, ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ má sì bá a jiyàn. Ẹ béèrè ohun tó ń pè bẹ́ẹ̀: ìgbẹ́ tó le ni, ìdí tó ń yọ ni, àbí ẹ̀jẹ̀ ló ń rí? Ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, dókítà. Ẹ béèrè iye ife àgbo lójúmọ́, àti bóyá omi ni wọ́n fi rẹ ẹ́ tàbí ògógóró. Kò dìgbà tó bá fi orúkọ yẹn sílẹ̀ kó tó lè bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

Akẹ́kọ̀ọ́_Físíò:
Ọ̀gá, báwo la ṣe máa béèrè tí kò fi ní dà bí ìwádìí ọlọ́pàá?

Àgbà_Físíò:
Ẹ jókòó, kí ojú yín bá tirẹ̀ dọ́gba. Ẹ béèrè ọjà kí ẹ tó béèrè ẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà: "Kí lẹ̀yin fúnra yín rò pé ó fà á? Kí làwọn èèyàn ti sọ fún yín? Kí lẹ ń bẹ̀rù pé ó máa ṣẹlẹ̀ bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ mú nǹkan nílẹ̀? Oorun ńkọ́? Kí ni ìrora yìí ò jẹ́ kí ẹ ṣe mọ́?" Bí ẹ bá ti béèrè ọ̀kan, ẹ dákẹ́. Ìdáhùn àkọ́kọ́ ọmọ Yorùbá ni "a dúpẹ́", "a dúpẹ́" kì í sì í ṣe ìdáhùn ìṣègùn. Èyí tó tẹ̀ lé e lẹ ń dúró dè.

Ìbéèrè tó kẹ́yìn yẹn ni kí ẹ kọ sílẹ̀. Ẹ ní kó mú nǹkan 3 tó fẹ́ padà máa ṣe: kíkúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ, gbígbé odindi ìdì áńkárá sórí káńtà, jíjókòó láti Ìyànà-Ìpájà dé CMS. Kó fún ìkọ̀ọ̀kan ní máàkì láti 0 sí 10. 0 ni "mi ò lè ṣe é rárá", 10 ni "bíi ti tẹ́lẹ̀". Ẹ ṣe àròpín rẹ̀. Bó bá fi 2 gòkè lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìyípadà gidi nìyẹn, ì báà tiẹ̀ jẹ́ pé ìrora ò tíì lọ tán. Bí 0 sí 10 ò bá yé e, ẹ lo owó: "Bí ìrora tó le jù bá jẹ́ náírà 100, èló ni tòní?" Ọlọ́jà á dáhùn kíá.

Bí ọkọ tàbí ọmọ bá bá a wá, ẹ wá àyè kan tí ẹ máa fi bá òun nìkan sọ̀rọ̀.

Ìdáraya_Yábà:
Ẹ jẹ́ ká wá sórí iye. "Ẹ máa rìn díẹ̀díẹ̀" kì í ṣe òògùn. Ẹnikẹ́ni kì í kọ "ẹ máa mu paracetamol díẹ̀díẹ̀".

Fún ọjọ́ 3, kó ka iye ìṣẹ́jú tó lè rìn kí ìrora tó fi àmì 2 gòkè. Ká ní ó rí 10, 14, 12. Àròpín rẹ̀ 12. Ẹ yọ ìdá kan nínú márùn-ún, ó kù díẹ̀ kó pé 10; ẹ bẹ̀rẹ̀ ní 9. Ọjọ́ tí ara yá, 9. Ọjọ́ tí ara ò yá, 9. Ìṣẹ́jú 1 ni kẹ́ ẹ máa fi kún un lọ́sẹ̀. Aago ló ń darí, kì í ṣe ìrora. Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ ni Sátidé tí ara bá yá: á fọ aṣọ ọ̀sẹ̀ méjì, á gbálẹ̀, á lọ sóde, á jó títí ilẹ̀ fi ṣú. Ọjọ́ Ajé, kò lè dìde. Á wá sọ pé eré ìdárayá ló pa òun lára.

Ìdìde látorí àga: àga tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 45. Bó bá le, ẹ fi ìrọ̀rí sórí rẹ̀. Dìde, jókòó, 8. Sinmi ìṣẹ́jú kan. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, ọjọ́ 3 lọ́sẹ̀, ẹ máa fi ọjọ́ kan sáàárín. Bó bá ti ń ṣe 12 láìmí hẹlẹ, ẹ yọ ìrọ̀rí kúrò. Lẹ́yìn ìyẹn, kó di ìgò omi lítà kan àtààbọ̀ mú lọ́wọ́ kọ̀ọ̀kan.

Títẹ̀ síwájú tó ń bà á lẹ́rù ńkọ́? Orí àga ni kó ti bẹ̀rẹ̀: kó na ọwọ́ dé orúnkún, kó rọra mí síta, kó padà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, láàárọ̀ àti lálẹ́. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ojúgun. Lẹ́yìn náà, ilẹ̀. Ó di ìdúró, ó di páálí òfìfo, ó di páálí kílò 2, ó di 5. Ẹ má sọ fún un pé "ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ nà gbọnrangandan". Ẹ̀yìn tó ń le gbagidi torí ìbẹ̀rù ń ṣiṣẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, á sì rẹ̀ ẹ́.

Ìrora tó dé 4 nínú 10 lásìkò eré ìdárayá kò burú, tó bá ti padà sí bó ṣe wà kó tó di àárọ̀ ọjọ́ kejì. Bó bá jù bẹ́ẹ̀, ẹ dín iye kù ní ìdá mẹ́rin kan. Ẹ dín in kù. Ẹ má dáwọ́ dúró.

Ọwọ́_Gbígbóná:
Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí a wá kó TENS àti ìfọwọ́ra dànù ni? Aláìsàn tó sanwó fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan òun. Bí ẹ ò bá fọwọ́ kàn án, ọ̀dọ̀ oníṣègùn eegun ló ń lọ.

Àgbà_Físíò:
Òótọ́ lẹ sọ, ẹ má kó o dànù. Bí ọmọ bá forí gbá ilẹ̀kùn, ìyá á ra á lórí, ẹkún á sì dín kù. Melzack àti Wall, àwọn olùwádìí ìrora, ṣàlàyé rẹ̀ ní 1965: ìròyìn ìfọwọ́kàn máa ń dí ọ̀nà mọ́ ìròyìn ìrora nínú ọ̀pá ẹ̀yìn, bíi géètì. Ṣùgbọ́n géètì yẹn á tún ṣí, ìdí nìyẹn tí ìrora fi ń padà dé l'Ọ́shòdì. Nínú ìṣẹ́jú 40, ẹ fi 10 fọwọ́ tù ú, ẹ lo 25 fún ìdáraya lójú ẹsẹ̀ nígbà tí ara ṣì rọ̀, kí 5 tó kù jẹ́ ti ọ̀rọ̀. Ẹ má sì sọ pé "mo ti to eegun yín padà sáyè". Bí ẹ bá sọ bẹ́ẹ̀, gbogbo ìgbà tó bá dùn ún ló máa rò pé eegun ti tún yẹ̀.

Bẹ́líìtì ẹ̀yìn: bó bá fẹ́, kó lò ó nínú mọ́tò tàbí ọjọ́ tó ń kó ọjà. Kó bọ́ ọ nílé.

Alábàárù_Ìdúmọ̀tà:
Ẹ jẹ́ ká dé ọjà gan-an. Kẹ́ẹ̀gì omi lítà 25, kílò 25 nìyẹn, kò sì sí ẹ̀yìn tó fẹ́ràn rẹ̀ lọ́wọ́ kan. Lítà 10 ní ọ̀tún, 10 ní òsì, ẹ̀ẹ̀mejì dípò ẹ̀ẹ̀kan.

Ní ìsọ̀, àpótí kékeré ìjókòó yẹn ló ń ká orúnkún dé àyà. Ẹ wá èyí tó ga. Aṣọ tó ń tà jù ni kó wà láàárín ìbàdí sí èjìká. Èyí tí kò tà ni kó lọ sílẹ̀ àti sókè. Ìdì ńlá, kó tú u sí méjì kó tó gbé e. Kó máa dìde ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ì báà jẹ́ láti gbọn aṣọ.

Nínú danfó, ìlà ẹ̀yìn ló burú jù, torí orúnkún á ga, kòtò ojú ọ̀nà á sì máa gbé èèyàn sókè. Kó wá ìlà àárín. Ní gbogbo ìgbà tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá dá mọ́tò dúró, kó tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ kó rọra gbé ìdí kúrò lórí àga, ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Wọ́n á wò ó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wò. Afárá ẹlẹ́sẹ̀ tó ń sá fún yẹn, ìdáraya ọ̀fẹ́ ni, bó bá ti wọ inú ètò ìṣẹ́jú rẹ̀.

Ẹ ka wákàtí oorun rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó jí ní aago mẹ́rin ààbọ̀ kó lè ṣáájú gòsílóò, tó wọlé ní mẹ́sàn-án, tó dáná, tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń dún létí rẹ̀ títí di òru, wákàtí 5 kò dájú. Àìsùn máa ń mú kí ìrora le sí i lọ́jọ́ kejì. Bó bá lè máa fi ọmọ tàbí ọmọọ̀ṣẹ́ sí ìsọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ 2 lọ́sẹ̀, oògùn ni.

Kẹ́míìsì_Súrùlérè:
Diclofenac àti ibuprofen, òògùn ìrora ìdílé kan náà ni wọ́n. Ẹ má jẹ́ kó lo méjèèjì pọ̀. Diclofenac kò gbọ́dọ̀ kọjá miligíráàmù 150 lójúmọ́, kò sì yẹ kó wọ inú òfìfo, pàápàá ẹni tó ń gbààwẹ̀. Bó bá ń lo lisinopril àti òògùn tó ń múni tọ̀ fún ẹ̀jẹ̀ ríru, kíndìnrín lè kàgbákò; ẹ kọ lẹ́tà sí dókítà. Paracetamol 500, kó má ju 8 lọ láàárín wákàtí 24, kó sì ka ti inú òògùn ọ̀fìnkìn mọ́ ọn.

Òògùn àdìpọ̀ inú ọ̀rá tí wọ́n ń kiri fún "làkúrègbé" nínú mọ́tò: bí ara bá yá lọ́jọ́ kan ṣoṣo, tí ojú wá ń wú, tí ṣúgà ń gòkè, ẹ fura sí dexamethasone tàbí prednisolone, òògùn steroid ni méjèèjì. Ẹni tó ti lò ó fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kò gbọ́dọ̀ já a sílẹ̀ lójijì. Dókítà ló máa dín in kù. Tramadol lè sọ èèyàn di ẹrú rẹ̀. Bí dókítà bá kọ amitriptyline miligíráàmù 10 fún un lálẹ́, ẹ sọ fún un ṣáájú pé òògùn ìrora iṣan ni níbí yìí, kí ẹnì kan má lọ sọ fún un pé òògùn wèrè ni, kó sì dà á nù.

Nọ́ọ̀sì_Ìsàlẹ̀Èkó:
Ẹ fi ti ìgbàgbọ́ kún un. Bó bá ní ayé ló ṣe òun, ẹ má gba iṣẹ́ wòlíì ṣe, ẹ má sì bú wòlíì. Ẹ bi í bí yóò ṣe máa gbàdúrà: ìkúnlẹ̀ lórí ìrọ̀rí, ìdìde, àtẹ́wọ́, ijó ìyìn ìṣẹ́jú 9, ìdáraya ni gbogbo rẹ̀. Bó bá jẹ́ Musulumi, rukuu àti sujuudu inú ìrun ti jẹ́ títẹ̀ síwájú tó ń bẹ̀rù yẹn. Àga ni kó ti bẹ̀rẹ̀, kó sún mọ́ ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Bó bá ní ayé sú òun, ẹ bi í gbangba bóyá ó ń rò ó láti pa ara rẹ̀. Ìbéèrè yẹn kì í gbin èrò náà síni lọ́kàn. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, kó rí dókítà lọ́jọ́ náà.

Akẹ́kọ̀ọ́_Físíò:
Owó ọkọ̀ ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ láti Ìyànà-Ìpájà, kò lè ṣe é. Àti pé kí ló máa ṣe lọ́jọ́ tó bá tún le?

Ìdáraya_Yábà:
Kó wá lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 4, lẹ́yìn náà lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì. Fóònù tirẹ̀ ni kí ẹ fi ya fídíò bó ṣe ń ṣe é, kó lè gbọ́ ohùn yín níbẹ̀ tó ń kà á. Kò ju eré ìdárayá 3 lọ. Ẹni tí ẹ bá fún ní 10 kò ní ṣe ìkankan.

Ọjọ́ tó le ń bọ̀, ẹ sọ fún un ṣáájú, kó má bàa rò pé gbogbo iṣẹ́ ti bàjẹ́. Ẹ kọ ọ́ sẹ́yìn káàdì rẹ̀ ní Yorùbá, lẹ́tà ńlá: "Bí ó bá le: (1) Ṣé mò ń tọ̀ dáadáa, ṣé ẹsẹ̀ ò rọ? Bí nǹkan bá yí padà níbẹ̀, pàjáwìrì. (2) Bí kò bá sí, mí wọlé ka 4, mí síta ka 6, ìṣẹ́jú 5, ìrọ̀rí lábẹ́ orúnkún. (3) Rìn ìdajì iye ìṣẹ́jú àná. (4) Ọjọ́ 2 tàbí 3 lẹ́yìn rẹ̀, padà sí iye tó wà tẹ́lẹ̀. Ìrora tó le kò sọ pé nǹkan já."

Kí ó tó kúrò níwájú yín, kó fi ẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé káàdì yẹn padà fún yín. Bí kò bá lè kàwé, ẹ sọ ọ́ sínú WhatsApp rẹ̀ ní ohùn, ìṣẹ́jú kan péré, kó má bàa máa dúró de ọmọ rẹ̀ láti kà á fún un lọ́jọ́ tí ẹ̀yìn bá mú un ní ìsọ̀.